Kí Ayọ́kẹ́lẹ́ Tó Yọ́ Kẹ́lẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Dín Gbígbọ̀n Iwájú Mọ́tò Àtijọ́ Kù

Orúkọ tí Yorùbá fún mọ́tò kékeré tó ń gbé ènìyàn, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, yẹ ọkọ̀ òde òní ju ọkọ̀ ìgbà ìwáṣẹ̀ lọ, nítorí pé ní nǹkan bí ogójì ọdún àkọ́kọ́ tí mọ́tò fi wà láyé, díẹ̀ ló ń yọ́ rìn nínú wọn: àtùpà iwájú a máa mì, rédíétọ̀ a máa jò nítorí pé mímì ti tú ojú ibi tí wọ́n ti fi òjé jó o pọ̀, sítíárìn a sì máa já gbà mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Iwájú ọkọ̀ ni ìyà náà pọ̀ sí jù, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí, torí pé iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, iwájú ni àwọn táyà tó ń yà sọ́tùn-ún sósì wà, iwájú náà ló sì kọ́kọ́ ń pàdé gbogbo kòtò àti gegele ojú ọ̀nà. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹsẹ̀ mọ́tò, ìyẹn táyà, sípíríǹgì àti gbogbo irin tó so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú àlàyé yìí dá lé.

Gbígbọ̀n yàtọ̀ sí jíjá. Bí táyà bá já sínú kòtò kan, ọkọ̀ á ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ni kí ohun kan máa lọ kí ó máa bọ̀ lójú kan náà léraléra, iye ìgbà tó sì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń dá oríṣi rẹ̀ mọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé ka orí sípíríǹgì ló ní iye tirẹ̀. Ara ọkọ̀ lápapọ̀, tó wúwo tó sì jókòó lórí sípíríǹgì tó rọ̀, a máa lọ sókè sódò ní ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pá axle iwájú, ìyẹn ọ̀pá irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, fúyẹ́ ju ara ọkọ̀ lọ, ó sì há sáàárín sípíríǹgì lókè àti táyà tó kún fún afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, nítorí náà tirẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá sí ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ọmọdé tó ń ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí jáńgìlọ́fà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ: bí ó bá tì í nígbàkúùgbà tó wù ú, jáńgìlọ́fà kò ní lọ jìnnà, ṣùgbọ́n bí ó bá ń tì í ní kété tó bá ti padà wá bá a, ìka méjì péré tó láti gbé e dókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gbígbọ̀n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ níwájú mọ́tò. Nǹkan kékeré tí kò tó pa ẹnikẹ́ni lára, bí ìwúwo tí kò dọ́gba lára táyà tàbí ebè kékeré ojú ọ̀nà, bá iye ìgbà ti axle mu, ó sì ń tì í ní àkókò tó yẹ kó tì í títí ó fi di nǹkan tí ọwọ́ awakọ̀ kò ká mọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń ti jáńgìlọ́fà náà. Nígbà tí reluwé ti kúrò ní Ìbàdàn, níbi tó dé ní 1901, tó gba ilẹ̀ Ìwó kọjá, tó sì wọ Òṣogbo ní 1907, ohun tó kù fún àwọn ìlú àgbẹ̀ tí ojú irin kò kàn, irú Olúpọ̀nnà tó wà nítòsí Ìwó níbi tí a mọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire lónìí, ni ọ̀nà tí ẹrù oko lè gbà dé ibùdó reluwé. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí ìjọba amúnisìn là fún mọ́tò ní 1906, wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀, kò sì sí ọ̀dà lójú rẹ̀. Yangí ni, ilẹ̀ pupa tó le bí òkúta kéékèèké, tí wọ́n tẹ́ tí wọ́n sì kì mọ́lẹ̀. Yangí dára nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ ohun tí wọ́n fi kì í. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọ̀ ọ́ lára tí ọkọ̀ sì ti ń gbà á, ojú rẹ̀ a máa ká bí ojú páànù tí wọ́n fi ń bo ilé, ebè kan, aporo kan, ebè kan, aporo kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é. Keith Mather, onímọ̀ físíìsì kan, ọmọ Ọsirélíà, tó tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1963, fi kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ń yí po lórí yanrìn hàn pé bí eré bá ti kọjá ìwọ̀n kan, táyà tó bá fò lórí ohun kékeré kan yóò balẹ̀ gbì, yóò wa ilẹ̀ síwájú, yóò tún fò, ibi tó balẹ̀ á sì di aporo fún táyà tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ebè kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 75 jìnnà sí èkejì, tí ọkọ̀ sì ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan, táyà iwájú á máa gun ebè mọ́kànlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mọ́kànlá yìí sì bọ́ sáàárín mẹ́wàá àti méjìlá tó jẹ́ ti axle gẹ́lẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé kòkó tàbí iṣu ní ọ̀nà oko kì í sì í sábà sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé ọ̀nà tó burú jù fún axle àti eré tí ẹrù fi ń rìn lórí rẹ̀ ti fẹnu kò láti ọjọ́ pípẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀.

Oríṣi gbígbọ̀n kejì kò nílò ojú ọ̀nà páànù rárá, òun ló sì kó àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sí wàhálà jù ní àwọn ọdún 1920. Nínú rẹ̀, táyà iwájú méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì fúnra wọn bí ìrù ẹja, èyí tí a ó máa pè ní ìjùrù níhìn-ín, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀, kò sì ní dáwọ́ dúró àyàfi bí eré bá rọlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára yìí ti ń wá, kí ó wo òkòtó. Òkòtó tó ń jó kì í ṣe bí òkòtó tó dúró jẹ́ẹ́: bí ènìyàn bá fi ìka tì í lórí síwájú, kò ní ṣubú síwájú bí ọ̀pá yóò ti ṣubú, ṣe ni orí rẹ̀ yóò yà sí ẹ̀gbẹ́. Táyà tó ń yí náà òkòtó ni, tí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ọ̀pá. Bí táyà ọ̀tún bá gun ebè, axle á dagun, ìdí táyà méjèèjì á dagun pẹ̀lú rẹ̀ nítorí pé ọ̀pá kan ṣoṣo ló gbé wọn, ìdagun náà á sì di yíyà, táyà á kọrí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Sípíríǹgì á dá axle padà, yíyà á padà sí òdì kejì, bẹ́ẹ̀ ni fífò ń bọ́ yíyà tí yíyà sì ń bọ́ fífò.

Ohun méjì tí wọ́n ṣe láti mú ọkọ̀ dára ló sọ àrùn yìí di àjàkálẹ̀. Èkínní ni táyà ńlá tó rọ̀, tí ilé-iṣẹ́ Firestone gbé jáde ní 1923. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì èyí tó wà nínú táyà tẹ́ẹ́rẹ́ àtijọ́, inú àwọn èrò sì dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjùrù náà fi sọ̀ kalẹ̀ wá sórí eré tí gbogbo ènìyàn ń sá. Èkejì ni bíréèkì iwájú, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọdún kan náà. Mọ́tò T ti Ford, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927 tí iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 15, kò ní bíréèkì kankan lẹ́sẹ̀ iwájú. Ìgbà tí wọ́n wá kó ìlù bíréèkì àti awo rẹ̀ lé ìkángun axle, ẹrù kún un lórí ní ibi tí ẹrù kò yẹ kó wà. Ó ṣòro láti dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ta ni yóò kọ bíréèkì.

Iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kó tó dé ọwọ́ àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò sì tíì yí padà púpọ̀ fún ọkọ̀ tó bá ṣì ní axle. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, á lóṣòó síwájú táyà, á fi ọwọ́ kan di òkè rẹ̀ mú, á fi èkejì di ìsàlẹ̀, á wá máa tì í, á máa fà á. Bí òkè bá ń wọlé bí ìsàlẹ̀ ti ń jáde, tí ó sì ń dún kọ̀, kọ̀, nǹkan méjì ló lè fà á: ó lè jẹ́ bẹ́árìn inú táyà ló tú, ó sì lè jẹ́ kingpin, ìyẹn ọ̀pá irin kúkúrú tó dúró lóòró ní ìkángun axle, tí táyà ń yí lé lórí nígbà tí awakọ̀ bá yí sítíárìn. Bí ọkọ̀ náà bá ní bíréèkì iwájú, ọgbọ́n kékeré kan wà: kí ọmọ iṣẹ́ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bíréèkì á so táyà pọ̀ mọ́ awo ẹ̀yìn rẹ̀, bí dídún náà bá sì dákẹ́, bẹ́árìn ni. Bí kò bá dákẹ́, kingpin ti jẹ búṣì rẹ̀, búṣì sì ni òrùka idẹ tí kingpin ń yí nínú rẹ̀, tí gírísì yẹ kó máa dé déédéé. Lẹ́yìn èyí, á gbé ọwọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, á tún mì ín, kí ó lè mọ bí orí àwọn ọ̀pá tó so sítíárìn mọ́ táyà ṣe rí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibi àpótí sítíárìn ni wọ́n ń sáré lọ, tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí sítíárìn fi le bí irin ìlẹ̀kùn. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ a máa bo àrùn mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, àpótí náà á sì ti jẹ ara rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta.

Bí irin kò bá mì mọ́, ìwọ̀n ló kàn. Kingpin kì í dúró ṣánṣán. Òkè rẹ̀ máa ń fẹ̀yìn tì díẹ̀, kí ibi tí táyà ti tẹ ilẹ̀ lè wà lẹ́yìn ibi tí kingpin náà dojú kọ nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí táyà kékeré abẹ́ àga ọ́fíìsì ti máa ń wọ́ tẹ̀lé ìdí rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn padà sójú ààyè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá yà tán. Ṣùgbọ́n bí ìfẹ̀yìntì náà bá pọ̀ jù, agbára tó ń dá táyà padà á pọ̀ jù pẹ̀lú, á dá a padà kọjá àárín, ìjùrù á sì bẹ̀rẹ̀. Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ tó sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ a máa yí ìwọ̀n yìí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kingpin, ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì fi ń ki irin pẹlẹbẹ kan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan nípọn ju èkejì lọ, sáàárín sípíríǹgì àti axle láti dá a padà. Ìwọ̀n kejì ni bí táyà méjèèjì ṣe dojú kọ ara wọn. Wọ́n á fi ẹfun kun àárín táyà yíká, wọ́n á yí i bí ìṣó ṣe ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ẹfun náà, wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀pá gígùn kan wọn ìlà sí ìlà níwájú àti lẹ́yìn. Ó yẹ kí ti iwájú fi nǹkan bí mílímítà mẹ́ta kéré sí ti ẹ̀yìn. Ọ̀pá àti ẹfun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹ̀rọ tó ń tan iná.

Ìdọ́gba táyà ló kù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú kéré jù. Táyà tó ní àlẹ̀mọ́ nínú, tàbí tí ojú ibi tí wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ sí i wúwo, kò dọ́gba yíká. Kí wọ́n tó mọ ibi tó wúwo, wọ́n á gbé e kúrò nílẹ̀, wọ́n á tú bíréèkì rẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án, wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀: ibi tó wúwo ni yóò máa padà wá dúró nísàlẹ̀. Wọ́n á fi ẹfun sàmì sí òkè, wọ́n á so òjé díẹ̀ mọ́ ibẹ̀, wọ́n á tún yí i, títí táyà náà yóò fi máa dúró níbikíbi tó bá wù ú. Ẹni tó bá rò pé gíráàmù 100 kò jámọ́ nǹkan kan lára táyà tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó wo ìṣirò yìí: bí gíráàmù 100 bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 35 sí àárín táyà, tí ọkọ̀ sì ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, agbára tó fi ń fa táyà síta tó ti ẹrù kílò mẹ́jọ, ó sì ń yí po ní ìgbà méje àbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; bí eré bá di kìlómítà 90, agbára náà á di ti kílò 18, yíyípo á sì lé ní mọ́kànlá. Mọ́kànlá náà ló tún dé yìí. Nítorí èyí ni ọkọ̀ kan fi lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní 70, kó gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú ní 90, kó sì tún dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tó bá kọjá ibẹ̀.

Gbogbo èyí ń mú ohun tó ń ti jáńgìlọ́fà kúrò. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹnì kan di okùn jáńgìlọ́fà mú. Sípíríǹgì ìgbà ìwáṣẹ̀, tó jẹ́ ewé irin tí wọ́n tò léra wọn, máa ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, nítorí pé ewé ń ha ewé bó ti ń tẹ̀, híha náà sì ń pa agbára kù. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fi gírísì kún sípíríǹgì rẹ̀ dáadáa nítorí ìmọ́tótó lè bá ọkọ̀ tó ń fò ju ti àná lọ. Ní nǹkan bí 1904, Edward Hartford ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò tí Truffault, ará Faransé, ti ṣe: apá irin méjì tí awo kan wà láàárín wọn, tí wọ́n fi bóòtù fún pọ̀ kí wọ́n lè máa ha ara wọn. Ó ṣiṣẹ́ lórí kòtò ńlá, ṣùgbọ́n lórí ebè kéékèèké ṣe ló máa ń gan, tí gbígbọ̀n á gba inú rẹ̀ kọjá tààrà. Àwọn tó lo epo, bí èyí tí Maurice Houdaille ṣe, sàn jù, nítorí pé epo tí wọ́n bá fi agbára tì gba ihò kékeré kọjá máa ń tako eré ju bó ti ń tako ìlọ jẹ́jẹ́ lọ.

Àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ara ọkọ̀ gan-an ni kò le tó. Irin gígùn méjì abẹ́ ọkọ̀, tí gbogbo nǹkan yòókù jókòó lé, máa ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, rédíétọ̀ àti àtùpà tó wà ní orí rẹ̀ á sì máa jù. Mọ́tò Cord L-29 ti 1929 fi irin méjì tó gba ara wọn kọjá dè é láàárín. Ọgbọ́n tó yani lẹ́nu jù ni ti àwọn ọkọ̀ olówó ńlá ọdún 1930 sókè, irú Packard, tí wọ́n fi ẹrù irin sórí sípíríǹgì sínú orí bọ́ńpà iwájú lọ́tùn-ún lósì. Hermann Frahm ti Jámánì ló ti gba ẹ̀tọ́ sí ìlànà rẹ̀ ṣáájú, lórí ìwé tó kọ ní 1909: bí wọ́n bá so ohun kékeré kan mọ́ ohun ńlá tó ń gbọ̀n, tí iye ìgbà ti kékeré sì bá ti ńlá mu, kékeré ni yóò gba gbígbọ̀n náà sára, tí yóò máa lọ sí òdì kejì bí ńlá bá ti fẹ́ lọ. Àwọn tó ń kọjá rí bọ́ńpà tó rẹwà. Wọn kò mọ̀ pé nǹkan kan ń jó nínú rẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì kò gba àlàyé púpọ̀: ní 1931 ni Chrysler gbé ẹ́ńjìnnì Plymouth ka orí rọ́bà, tí wọ́n fi í sí ibi tí ẹ́ńjìnnì náà fi lè máa mì yíká ọ̀kánkán ìwúwo ara rẹ̀, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹ́ńjìnnì sítíìn lónìí sì ni ọmọ rẹ̀.

Ìwòsàn tó gbẹ̀yìn ni kí wọ́n mú axle náà kúrò pátápátá. Lancia ní Ítálì ti ṣe é fún Lambda rẹ̀ láti 1922, ṣùgbọ́n Maurice Olley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kúrò ní Rolls-Royce bọ́ sí General Motors ní 1930, ló fi yé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pé ẹni tó bá fẹ́ sípíríǹgì iwájú tó rọ̀, tí kò sì fẹ́ ìjùrù, kò lè máa lo ọ̀pá kan fún táyà méjì. Ní ọkọ̀ ọdún 1934, táyà ọ̀tún Cadillac àti Buick ní apá tirẹ̀, ti òsì ní tirẹ̀, bí ọ̀kan bá gun ebè èkejì kò ní mọ̀, òkòtó kan kò sì ní ti òkòtó kejì ṣubú mọ́. Ford kọ̀ títí di ọkọ̀ ọdún 1949.

Ọkọ̀ akẹ́rù kò bá wọn lọ. Bedford, tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1931, wá sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú axle rẹ̀, káfíńtà kan igi sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì di bọ́lẹ́kájà. Bí ẹrù àti èrò bá ti pọ̀ lẹ́yìn ju bó ti yẹ lọ, iwájú á fúyẹ́, táyà tó fúyẹ́ sì ni fífò ń wù jù. Àwọn awakọ̀ tó ń na ọ̀nà yangí nígbà náà kò dúró de Olley. Wọ́n ti rí i fúnra wọn pé ojú páànù tó ń jẹ ọkọ̀ run ní eré 30 máa ń rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní 60. Ní 60, ebè 22 ni táyà ń bá pàdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, axle kò sì lè bá iye yẹn jó, nítorí náà táyà á máa fi orí ebè kan kan orí èkejì láìwọ aporo, sítíárìn á dákẹ́, èrò á sinmi ariwo. Ṣùgbọ́n táyà tó ń rìn lórí orí ebè nìkan kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa, bí ewúrẹ́ bá sì já sójú ọ̀nà, bíréèkì tí awakọ̀ náà tẹ̀ kò ní rí ohun púpọ̀ dì mú.